Dátì Ojú Pátákó

Télọ̀ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi téèpù wọn èjìká mi, ó tún un wọ̀n, ó ní, "Mà, èjìká ọ̀tún yín ga ju ti òsì lọ. Ṣé ẹ máa ń ru nǹkan ni?" Mo ní n kò ru ohun tó wúwo ju ṣọ́ọ̀kì lọ rí. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ni mo sọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa yàn, tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ tíṣà dára, ẹ kọ́kọ́ wo èjìká mi ná, kí n tó sọ ìyókù fún yín.

Bí mo ṣe gba iṣẹ́ kò gùn. Mo parí ẹ̀kọ́ tíṣà ní apá Iléṣà, wọ́n fún mi ní lẹ́tà, wọ́n ní Èkó ni, ní Ajégúnlẹ̀. Òmìnira kò tíì pẹ́ tí a gbà á nígbà náà. Bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó, kò bi mí nípa ilé ìwé rárá. Ohun tó béèrè ni pé ṣé ilẹ̀ wà níbẹ̀ tí ènìyàn lè gbin ẹ̀fọ́ sí. Mo ní, "Bàbá, ìlú ńlá ni, ilẹ̀ ò ní ṣàì sí." Owó oṣù wà, kò pọ̀, ó sì máa ń pẹ́ dé bí ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀.

Mo débẹ̀, mo rí àbàtà. Ilé onípákó pọ̀ ju ilé oníbíríkì lọ, bí òjò bá sì rọ̀, orí pákó la máa ń rìn kọjá láti ilé dé ilé. Àwọn òbí àwọn ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, èbúté ọkọ̀ ojú omi, ní Àpápá, wọ́n ń ta ọjà, wọ́n ń pẹja. Ìlàjẹ, Ùròbò, Ìjọ, Ìgbò, Yorùbá, gbogbo wọn wà ní kíláàsì kan, èdè Písìn ni wọ́n fi ń bára wọn jà, òun náà ni wọ́n fi ń bára wọn rẹ́.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an kì í ṣe kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mìsíìsì Ajíbádé ni, tíṣà àgbà tí kíláàsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Obìnrin kúkúrú ni, rúlà onígi kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọ, mo wọlé, mo kí wọn, wọ́n kí mi, inú mi dùn. Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn.

"Fọlákẹ́, ọjọ́ wo lónìí?"

"Ọjọ́ Ajé ni, mà."

"Níbo lo kọ ọ́ sí?"

Mo wo pátákó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní, "Kíláàsì tí kò bá ní dátì lójú pátákó, ilẹ̀ kò tíì mọ́ níbẹ̀. Kó àwọn ọmọ síta, kọ dátì, kí o wá tún wọn kó wọlé." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kó ọmọ mẹ́rìnlélógójì síta, tí mo tún kó wọn wọlé bí adìyẹ.

Òfin kejì: tíṣà kì í kọ ẹ̀yìn sí ọmọ. Bí o bá ń kọ̀wé, ẹ̀gbẹ́ ni kí o fi dúró, kí ojú rẹ kan wà lára àwọn ọmọ. Bí mo bá ti gbàgbé báyìí, rúlà á tọ́ mi léjìká, kò ní dùn mí, àmọ́ yóò tì mí lójú. Ibi tí èjìká yìí ti ga nìyẹn. Òfin kẹta ló le jù. Ọmọ tí kò bá wá fún ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ kẹta tíṣà á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ilé wọn. Kò gbọdọ̀ ránṣẹ́. Ó ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà la ó wò ká tó pe ọmọ ní ìsáǹsá."

Mo sunkún nítorí obìnrin yìí. Lọ́jọ́ kan mo sá wọ ilé ìyàgbẹ́ láti lọ sunkún dáadáa, nígbà tí mo jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé o ti parí? Ṣọ́ọ̀kì wà lórí tábìlì." Òun náà ló kọ́ mi bí a ṣe ń gún èédú mọ́ ewé láti fi kun pátákó kó lè dúdú dáadáa, ọwọ́ òun náà á sì dúdú dé ìgúnpá, yóò máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Nílé, yàrá kan ni mo gbà lọ́dọ̀ Ìyá Onílé, màmá ará Ìlàjẹ kan tí àwọn àbúrò rẹ̀ ń pẹja lọ́nà Snake Island. Ẹ̀yìnkùlé wà, kékeré. Mo gbin ẹ̀fọ́ sílẹ̀, omi gbé e lọ. Mo tún gbin òmíràn, omi tún gbé e lọ. Ìyá Onílé wá fún mi ní póò tí ọmọ ọmọ rẹ̀ kò lò mọ́, ó ti lu nídìí. Mo bu iyẹ̀pẹ̀ sí i, mo gbin èfinrín sí i, mo gbé e sórí òkúta. Ó hù. Ẹ kò lè mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń já ewé kan, mo máa ń gbóòórùn rẹ̀, ilé bàbá mi ni mo máa ń gbọ́ níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò rí ni ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, n kò sì mọ bí ènìyàn ṣe ń gbé láìní ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Mo wò káàkiri. Ìkan pariwo jù fún mi. Ní òmíràn, wọ́n bi mí bóyá mo ti lọ́kọ kí wọ́n tó bi mí lórúkọ. Níkẹyìn mo rí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Àpápá, ó ní agogo, ó ní fáànù, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ọkọ̀ ojú omi àti àwọn ìyàwó wọn ló kún ibẹ̀. Lọ́jọọjọ́ Ìsinmi, mo máa fi ẹsẹ̀ rìn gba Wharf Road kọjá, màá mú bàtà mi dání kó má bàa gbó, tí mo bá dé ìtòsí ni mo máa wọ̀ ọ́.

Fún bí ọdún kan, bẹ́ńṣì kan náà ni mo ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá kan tó máa ń dé fìlà olódòdó. Ó máa ń mi orí sí mi, èmi náà á kúnlẹ̀ díẹ̀. Ibà wá dá mi dúbúlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni n kò dé ilé ìwé, tí n kò dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mìsíìsì Ajíbádé kó àwọn ọmọ mi mọ́ tirẹ̀, ó ti kíláàsì mi pa, ọjọ́ kẹta pé lóòótọ́, ó dé ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú ọsàn. Nígbà tí ara mi yá tí mo padà sí Àpápá, màmá onífìlà mi orí sí mi bó ṣe máa ń mì í tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ orí mímì yẹn dùn mí ju ibà lọ. N kò wá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ẹni tó mọ̀. Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ń wá kò ju ẹyọ kan lọ: ibì kan tí wọ́n á ti mọ̀ bí n kò bá wá.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ìyọnu kan wà ní kíláàsì mi. Àwọn ará ìjọ kékeré kan tí kò ní ilé ìjọsìn ti lọ bẹ ọ̀gá àgbà wa, ó sì fún wọn ní kíláàsì mi láti máa lò lọ́jọ́ Ìsinmi. Kò bi mí. Bí mo bá dé lọ́jọ́ Ajé, màá bá òógùn ábẹ́là lórí bẹ́ńṣì, wọn á sì ti da ìjókòó àwọn ọmọ rú. N kò rí wọn rí, àmọ́ mo kọ̀wé sí wọn. Ní ọjọ́ Ẹtì, lábẹ́ dátì, mo kọ ọ́ sójú pátákó gàdàgbà: "Ẹ má lẹ ábẹ́là mọ́ bẹ́ńṣì mi. Tíṣà." Nígbà tí mo padà dé, mo bá ìdáhùn ní igun ìsàlẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé náà ń wọ́: "A gbọ́, Tíṣà wa. Ẹ ṣeun." Mo mú ṣọ́ọ̀kì pupa, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ gbìyànjú sí i."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Èmi: "Ẹ dá bẹ́ńṣì padà síbi tí ẹ ti bá a." Àwọn: "A ti dá a padà, Tíṣà. Ọlọ́run á bù kún yín." Àdúrà yẹn tilẹ̀ tún mú inú bí mi sí i. Mo kàn ṣàkíyèsí ohun kan tí n kò fẹ́ gbà: wọn kì í nu ohun tí mo bá kọ. Igun ìsàlẹ̀ lásán ni wọ́n ń lò.

Ìgbà ìkórè wá dé ní Àpápá. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ń wá ẹni tí yóò mú irè oko wá láti fi ṣe iwájú pẹpẹ lọ́ṣọ̀ọ́. Ọwọ́ mi ti wà lókè kí ọpọlọ mi tó mọ̀. Màmá onífìlà yíjú sí mi. "Kí lorúkọ yín?" Lẹ́yìn bí ọdún kan, ó béèrè. Mo ní, "Fọlákẹ́, mà. Tòmátò, ilá àti tẹ̀tẹ̀ ni mo máa mú wá, èmi fúnra mi ni mo máa gbìn wọ́n." Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ sílé, mo gbàgbé láti bọ́ bàtà.

Gbogbo ohun tí mo ní nígbà náà kò ju póò èfinrín kan lọ. Mo nílò nǹkan tí omi kò ní gbé lọ. Papa Efe, ará Ùròbò tó wà ní yàrá kejì, tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, kó àpò méjìlá wá fún mi, àpò tó ki, tó le.

"Teacher, this bag strong well-well. E no fit tear. But shake am, wash am before you use am, you hear?"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rí nǹkan funfun tó gan mọ́ inú wọn, mo rò pé eruku ìyẹ̀fun ni. Ìyá Onílé bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó wò mí bí mo ṣe ń bu iyẹ̀pẹ̀.

"Tíṣà, kí ni wọ́n fi àpò yìí kó tẹ́lẹ̀?"

"Ìyá, ọmọ àgbẹ̀ ni mí o."

Ó wọlé lọ. Ẹ ṣe dáadáa kí ẹ kọ èsì tí mo fọ̀ fún un yẹn sílẹ̀, kí ẹ má fọ irú rẹ̀ fún àgbà kankan ní gbogbo ayé yín.

Mo tú irúgbìn sínú àwo kan tí mo bu ẹrẹ̀ sí, nígbà tí wọ́n hù mo lọ́ wọn sínú àpò. Fún ọjọ́ díẹ̀ wọ́n dúró. Etí ewé wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo bomi sí i. Mo fi ìgbẹ́ adìyẹ sí i. Bí mo ṣe ń tọ́jú wọn tó ni wọ́n ṣe ń kú tó. Lọ́jọ́ Ìsinmi, màmá onífìlà á bi mí, "Mìsì Fọlákẹ́, tòmátò ńkọ́?" Èmi á dáhùn pé, "Wọ́n ń ṣe dáadáa, mà." Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń pa irọ́ yẹn o.

Nígbà tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ewé tútù kan nínú àpò méjèèjìlá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Onílé wá bá mi, ó bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ fi kan ahọ́n, ó tutọ́ dànù.

"Iyọ̀ ni, ọmọ mi."

"Iyọ̀ báwo, Ìyá?"

"Àpò iyọ̀ lo gbin nǹkan sí. Àwa a máa fi iyọ̀ sí ẹja kó má bàa bàjẹ́. N kò mọ ẹni tó ń fi í sí tòmátò." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí tó fi di ògiri mú. Papa Efe yọjú, ó wo àwọn àpò, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Teacher, I tell you make you wash am. Na salt bag. Everybody for wharf sabi am." Mo kọ́kọ́ sunkún. Nígbà tí mo gbọ́ tí Ìyá Onílé tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín nínú yàrá rẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkórè, n kò lè dé Àpápá. Ojú tì mí. Kò sì sí ẹni tó wá bi mí. Mo rántí pé mo gbàgbé rẹ́jísítà mi sí kíláàsì lọ́jọ́ Ẹtì, mo ní kí n lọ mú un, ó kéré tán kí n rí nǹkan ṣe. Bí mo ṣe sún mọ́ ilé ìwé ni mo gbọ́ orin. Áà, àwọn alábẹ́là mi. Mo ní ọjọ́ pé lónìí, n ó ká wọn mọ́. Mo yọ́ lọ sábẹ́ fèrèsé, mo ti ní ohun tí mo máa sọ lẹ́nu.

Wọn kò ju ọgbọ̀n lọ. Wọ́n ti ta aṣọ funfun kan bo pátákó mi, kí ẹnikẹ́ni má bàa fara nù ún. Bàbá tínínrín kan, káfíńtà, ló ń darí wọn, ìwé ilé ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ló ń pè. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ á ní, "Mo wà ńbí." Bí ẹnì kan kò bá dáhùn, bàbá náà á béèrè pé, "Ta ló máa lọ wò ó?" Ọwọ́ kan á sì gòkè. Nígbà tó pè é tán, ó pa ìwé dé, ó ní, "Tíṣà wa ńkọ́?"

Mo tẹ́tí sí i. Màmá àgbàlagbà kan dìde, ó ká aṣọ funfun náà sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wo pátákó. Ó ní, "Dátì ọjọ́ Ẹtì ló wà ńbẹ̀. Ó wá síbi iṣẹ́."

Gbogbo wọn ní, "A dúpẹ́."

Bàbá káfíńtà ní, "Ẹ kú àdúrà. Ẹ ò rántí ìgbà tí dátì ò yí padà, tí a gbààwẹ̀ fún un. A fẹ́ lọ wò ó nílé nígbà yẹn, ẹ̀rù ṣọ́ọ̀kì pupa ló bà wá." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo di ògiri mú. Mo ti rin Wharf Road tán, mo ti wá ibi tí wọ́n á ti mọ̀ bí n kò bá wá, inú kíláàsì èmi fúnra mi ló wà. Ẹ ti mọ òwe tó kàn, n kò ní wulẹ̀ pa á.

Mo wọlé. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí ọmọ kíláàsì kẹta, àgbà pẹ̀lú ọmọdé. Bàbá káfíńtà tètè tọ́ka sí tábìlì: "Tíṣà, ẹ wò ó, inú agolo la fi ábẹ́là sí báyìí." Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ni mo sun, lẹ́yìn náà mo sọ ọ̀rọ̀ àpò iyọ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn kò fi ẹ̀rín pamọ́ fún mi rárá.

Ìkórè tiwọn ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ní n kò ní nǹkan kan tí mo lè mú wá. Màmá àgbàlagbà yẹn ní, "Ṣé kò wá ṣẹ́ kù rárá ni?" Mo ní ó ṣẹ́ ku èfinrín kan, ṣùgbọ́n inú póò ló wà, n kò lè gbé póò wá síwájú Ọlọ́run. Bàbá káfíńtà ní, "Tíṣà, ṣé Ọlọ́run ò mọ ohun tó ń jẹ́ póò ni?"

Mo gbé e wá. Orí tábìlì mi ni wọ́n gbé e kà, láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja gbígbẹ, òórùn rẹ̀ gba gbogbo kíláàsì. Lẹ́yìn ìsìn, ẹnì kọ̀ọ̀kan já ẹ̀ka kan lọ láti lọ gbìn nílé. Ọjọ́ náà ni wọ́n kọ orúkọ mi sínú ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá pè mí, "Tíṣà Fọlákẹ́." Èmi tí mo ń pe orúkọ àwọn ẹlòmíràn láràárọ̀, ohùn mi ò jáde. Ọmọbìnrin kan láti kíláàsì mi yíjú padà, ó rọra sọ fún mi pé, "Tíṣà, ẹ dìde, kí ẹ sọ̀rọ̀ sókè." Ohun tí mo ń sọ fún un lójoojúmọ́ nìyẹn.

Ogun dé lẹ́yìn náà, àwọn orúkọ kan nínú rẹ́jísítà mi kò rí ẹni dáhùn, àwọn ọmọ Ìgbò tí òbí wọn ti kó lọ sílé. Mo fẹ́ fa ìlà sí wọn. Mìsíìsì Ajíbádé di ọwọ́ mi mú. "Máa pè wọ́n." Mo ń pè wọ́n. Nígbà tí ogun parí, Nkechi, ọ̀kan nínú wọn, dé, ó ti ga, kíláàsì rẹ̀ ti kọjá tèmi, síbẹ̀ ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi láàárọ̀ kan, ó ní, "Present, ma." Gbogbo owó oṣù mi láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò tó ìyẹn.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Síléètì lọ, ìwé dé. Ìgò yíǹkì tó máa ń dà sí aṣọ àwọn ọmọ lọ, báírò dé, Mìsíìsì Ajíbádé sì ní báírò yóò ba ọwọ́ ìkọ̀wé ayé jẹ́. Ṣílè di náírà, èmi àti àwọn ọmọ jọ kọ́ ọ ni, wọ́n sì yára jù mí lọ. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, ọmọ kún títí dé ojú fèrèsé, àwọn kan ń wá láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án. Nígbà tí Mìsíìsì fẹ̀yìn tì, ó fún mi ní rúlà onígi rẹ̀. Ó ní kí n má fi na ẹnikẹ́ni, èjìká tíṣà tuntun nìkan ni kí n máa fi tọ́.

Ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ náà dára. Ó dára. Èjìká á kàn ga díẹ̀ ni.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ní ilé tirẹ̀ tipẹ́, ẹlòmíràn ló sì ń pe orúkọ báyìí. Èfinrín póò yẹn ti wà ní ẹ̀yìnkùlé tí n kò lè kà mọ́. Bí ẹnì kan kò bá wá, àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ á máa sọ pé, "Dátì rẹ̀ ò yí o," wọn á sì dìde lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orúnkún ò jẹ́ kí n lọ. Oúnjẹ ọ̀sán mi kò tíì jinná tí mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, ènìyàn mẹ́ta, èfinrín lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù ṣọ́ọ̀kì pupa kò bà wọ́n mọ́. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí dátì tèmi kò ní yí padà mọ́. N kò bẹ̀rù ọjọ́ náà, torí mo mọ àwọn tí yóò kọ́kọ́ rí i.